Jọ́kì, Òṣùwọ̀n àti Ẹṣin: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Ìròyìn Ojúde Ọba tí a gbé jáde nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá ló fa àwọn lẹ́tà wọ̀nyí. A rò pé aṣọ àti ìlù lẹ máa bèèrè. Àṣé eré ẹṣin àti àwọn jọ́kì, ìyẹn àwọn tó ń fi ẹṣin gígùn jẹun, ló wà lọ́kàn yín. A yọ orúkọ kúrò, a fi àdúgbò sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan ládùúgbò wa, bàbá kan ní aláwọ̀ dúdú ló ń gba Kentucky Derby, ìdíje eré ẹṣin ńlá kan ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀. Mo ní irọ́ ni, torí mi ò rí dúdú lórí ẹṣin wọn nínú tẹlifíṣọ̀n rí. Ta ló jàre? (Mọ́kọ́lá)

ÌDÁHÙN: Bàbá ló jàre, ẹ tètè lọ bẹ̀ wọ́n. Ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún 1875 ni wọ́n kọ́kọ́ sá Derby náà. Jọ́kì 15 ló gun ẹṣin lọ́jọ́ yẹn. 13 nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Oliver Lewis, ọmọ ọdún 19, ló gba ipò kìíní lórí Aristides. Ansel Williamson tó tọ́ ẹṣin náà ti jẹ́ ẹrú rí. Èyí tó dùn jù níbẹ̀ ni pé olówó ẹṣin kò tilẹ̀ fẹ́ kí Aristides borí. Ẹṣin rẹ̀ kejì, Chesapeake, ló gbójú lé. Iṣẹ́ Aristides ni kó ṣáájú, kó fi eré tán àwọn yòókù lókun. Chesapeake kò yọjú rárá, ni olówó bá juwọ́ sí Lewis pé kó máa lọ.

Nínú Derby 28 àkọ́kọ́, àwọn dúdú gba 15. Isaac Murphy nìkan gba 3: 1884, 1890 àti 1891.

Ẹ wá ní kí ló dé tí ẹ ò rí wọn mọ́. Jọ́kì kì í ní ẹṣin, wọ́n máa ń fún un gùn ni. Bí owó ṣe ń pọ̀ sí i nídìí eré náà, àwọn jọ́kì funfun bẹ̀rẹ̀ sí í para pọ̀ lu dúdú mọ́lẹ̀ láàrin pápá: ọ̀kan á dí iwájú, ọ̀kan á fẹ̀gbẹ́ tì í, títí wọ́n á fi há a mọ́ ọgbà. Olówó ẹṣin tó bá rí irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹṣin rẹ̀ ló máa káàánú, kò ní káàánú jọ́kì. Ló bá di pé wọn ò pe dúdú mọ́. Jimmy Winkfield ló gbà á kẹ́yìn nínú wọn, ní 1902. Lẹ́yìn 1921, ó di ọdún 2000 kí ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó tún gun ẹṣin nínú Derby yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti rí orúkọ Winkfield yìí níbì kan, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tó lè sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Báwo ló ṣe ṣe é tó fi gbà á lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, kí ló sì gbẹ̀yìn rẹ̀? (Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Òkè-Àdó)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìbéèrè, ọ̀gá wa. Chilesburg, ìletò kan lẹ́bàá Lexington ní Kentucky, ni wọ́n bí i sí ní 1882, àbíkẹ́yìn nínú ọmọ 17. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó kọ́kọ́ gun ẹṣin nínú ìdíje, ní Chicago, 1898. Bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n máa lọ báyìí, ó dorí ẹṣin kọ ẹ̀bá ọgbà, níbi tí ọ̀nà ti kúrú jù. Kò sì tíì kọjá àwọn mẹ́ta tó wà nínú. Ẹṣin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kọlu ara wọn. Wọ́n dá a dúró fún ọdún kan gbáko. Òfin tó rú nìyí: ẹni tó bá fẹ́ dábùú ọ̀nà ẹlòmíì gbọ́dọ̀ ti ṣáájú onítọ̀hún tó láti má dí i lọ́nà. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, pátákò iwájú ẹṣin ẹ̀yìn á kọ́ pátákò ẹ̀yìn ẹṣin iwájú. Ẹni ẹ̀yìn ló sì máa ń forí gúnlẹ̀, kì í ṣe ẹni tó jẹ̀bi.

Nígbà tó padà dé, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́. Derby 1900, ó ṣe ipò kẹta. 1901, ipò kìíní lórí His Eminence. 1902, ipò kìíní lórí Alan-a-Dale. 1903, ipò kejì lórí Early.

Ti 1902 ni ká dúró lé. Thomas Clay McDowell ní ẹṣin méjì nínú eré náà, Alan-a-Dale àti The Rival. Nash Turner, jọ́kì funfun tó lórúkọ, ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ mú èyí tó wù ú. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni ti Winkfield. Ṣùgbọ́n Winkfield ló ń fi ẹṣin méjèèjì ṣe ìdánrawò láàárọ̀, ó sì ti mọ̀ pé Alan-a-Dale ló yá jù, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tiẹ̀ le. Nígbà tí ojú Turner bá wà lára wọn, ńṣe ló ń rọra ki ìjánu mọ́lẹ̀: ọwọ́ kò mì, èjìká kò mì, ẹṣin ń sáré, àmọ́ kò na ọrùn. Ẹsẹ̀ ẹṣin ni èrò máa ń wò. Ẹni tó bá mọṣẹ́, ọrùn ló máa wò. Turner mú The Rival.

Ẹṣin 4 péré ló sá lọ́jọ́ náà. Winkfield bọ́ síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé òpin, ẹsẹ̀ tí wọ́n ti ń fòyà yẹn yẹ̀, Alan-a-Dale bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Iyanrìn pápá wọn nígbà náà kò dọ́gba, ibì kan le, ibì kan jìn. Ojú ibi tó le ni Winkfield dì mú, ó ń ta ẹni tó bá fẹ́ kọjá sínú iyanrìn jíjìn, eré wọn ń rọ̀. Imú ẹṣin lásán ló fi borí Inventor. Àwọn kan á ní ẹ̀tàn ni ti ìdánrawò yẹn. Ẹ̀tàn ni lóòótọ́. Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó mú ẹṣin ló tan ẹni tí wọ́n ní kó mú.

Ní 1903, ó gbà láti gun ẹṣin John E. Madden nínú ìdíje ńlá kan, ó tún wá fò sórí ti ẹlòmíì torí owó. Ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn, kò sí bí a ṣe lè dá a láre. Ọ̀rọ̀ Madden sì ń tà lọ́dọ̀ àwọn olówó ẹṣin, ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n lọ́wọ́ Winkfield. Ní 1904 ó kọjá sí Rọ́ṣíà. Derby Rọ́ṣíà, ó gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ti Warsaw, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀bùn Tsar, ọba Rọ́ṣíà, lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí ìjọba Tsar wó ní 1917, eré ẹṣin sá lọ sí Odessa létí òkun, ogun sì bá wọn débẹ̀ ní 1919. Òun àti àwọn tó kù da ẹṣin tó lé ní 200 gba orí ilẹ̀ lọ sí Warsaw, ìrìn tó ju 1,000 kìlómítà lọ. Ebi le débi pé wọ́n pa nínú ẹṣin jẹ lójú ọ̀nà.

Ilẹ̀ Faransé ló gbẹ̀yìn sí. Ó gun ẹṣin níbẹ̀ títí di 1930, nígbà tó pé ọmọ ọdún 48, ìborí rẹ̀ ti lé ní 2,500. Ó wá ń tọ́ ẹṣin eré ní Maisons-Laffitte. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ ilẹ̀ Faransé, ó padà sí Amẹ́ríkà lọ ṣe iṣẹ́ agbára, kó tó tún darí sí Faransé ní 1953. Ní 1961 wọ́n pè é sí àsè àwọn akọ̀ròyìn eré ẹṣin ní Louisville, ìlú Derby gan-an. Wọ́n ní kò lè gba ẹnu ọ̀nà iwájú òtẹ́ẹ̀lì wọlé. Ó kú ní 1974. Ó di 2004 kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ẹni ńlá eré ẹṣin Amẹ́ríkà.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 15, kílò 47 ni, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.60. Láti ìgbà tó ti rí àwọn ẹlẹ́ṣin ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ní jọ́kì lòun máa ṣe. Ṣé ó lè rí i ṣe, ibo la sì ti máa bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn? (Ìyá ọlọ́mọ, Apẹ̀tẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ká kọ́kọ́ ṣírò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n tó kéré jù tí ẹṣin ń gbé nínú eré orí pápá títẹ́jú jẹ́ nǹkan bí kílò 52. Nínú Kentucky Derby, kílò 57. Gàárì, aṣọ àti bàtà wà nínú rẹ̀. Gàárì eré fúyẹ́, àwọn kan ò tó ìdajì kílò, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ro gbogbo ẹrù pọ̀, ẹ yọ kílò kan àbọ̀ sí 2. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa pe òun sí gbogbo eré, kí ara rẹ̀ má ju 50 lọ. Kílò 47 dára lónìí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 15 ṣì ń ga, ó lè máa ga títí dé 18. Ẹ wo bàbá rẹ̀ àti àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ lọ́kùnrin: bí gbogbo wọn bá ga bí igi àgbọn, ẹ jẹ́ kó mọ̀ láti ìsinsìnyí. Kò sí òfin lórí gíga, egungun gígùn ló kàn wúwo. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láàárọ̀ kó tó jẹun, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ má dín oúnjẹ rẹ̀ kù ní ọjọ́ orí yìí. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, mílíìkì, ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́. Mínírà lẹ lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí a ti máa sọ òótọ́ fún yín nìyí: kò sí pápá eré ẹṣin irú ti Derby ní Ìbàdàn tó lè bọ́ jọ́kì. Ti Èkó, orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ Tafawa Balewa Square lé ní 1972. Ohun tó wà nítòsí ni póló, ní pápá Ẹlẹ́yẹlé. Póló kì í ṣe eré tí à ń sọ yìí, torí dídúró lójijì àti yíyípo ló pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹṣin kan náà ni, ìgbẹ́ kan náà sì ni wọ́n ń kó. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin. Oṣù 6 kó tó gùn ún rárá kì í ṣe ìfiṣòfò: kó mọ bí wọ́n ṣe ń mú ẹṣin láti apá òsì, bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n fi irin yọ òkúta àti ìgbẹ́ inú pátákò, bí wọ́n ṣe ń fọ ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kan gàárì. Ẹṣin gbọ́n: bí o bá ń fa bẹ́líìtì abẹ́ ikùn, ó lè fẹ́ ikùn rẹ̀. O rò pé o ti fà á tán. O gùn ún, ó tú èémí sílẹ̀, gàárì yí, o bá ara rẹ lábẹ́ ẹṣin. Nítorí náà, wọ́n máa ń fà á lẹ́ẹ̀mejì: ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí wọ́n fà á rìn fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n tún fà á. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ bẹ́líìtì náà, mẹ́rin ti pọ̀ jù. Bàtà tó ní gìgísẹ̀ díẹ̀ ni kó wọ̀, tí abẹ́ rẹ̀ dán. Ẹsẹ̀ tó bá já wọ inú irin ìtẹsẹ̀ kọjá, tí ẹlẹ́ṣin sì ṣubú, ẹṣin á máa wọ́ ọ lọ ni. Àṣíborí ọ̀kadà kò wúlò níbí, ó wúwo jù, kò sì jẹ́ kí ọrùn yí. Kí ẹ ra ti ẹlẹ́ṣin. Èyí tó bá sì ti gba ìkọlù ńlá lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ ọ́ nù, bó tilẹ̀ dà bíi pé kò sán.

Tí kílò rẹ̀ bá kọjá tán, iṣẹ́ ṣì wà: àwọn tó ń fi ẹṣin ṣe ìdánrawò láàárọ̀ máa ń wúwo ju jọ́kì lọ, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn (UI) níbí.

ÌBÉÈRÈ: Mò ń tọ́jú ẹṣin ní Ẹlẹ́yẹlé, kílò 58 ni mí. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi ọ̀rá wé ara kí n sáré nínú oòrùn, pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn jọ́kì ń ṣe. Kílò 3 já láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ṣé kí n máa bá a lọ? (Ẹlẹ́yẹlé)

ÌDÁHÙN: Má ṣe é mọ́, àbúrò. Ọ̀rá tí o fi wé ara kò lè yọ ọ̀rá tó wà nínú ara. Kílò 3 yẹn, omi ni, lítà 3. Nínú kílò 58, ó ti lé ní ìdá 5 nínú 100, bẹ́ẹ̀ ìdá 2 péré ti tó láti mú kí ara má jí pépé mọ́. Ẹ̀jẹ̀ á ki, ọkàn á máa sáré, iṣan itan á máa di. Orí ẹṣin tó ń sáré 60 kìlómítà láàárín wákàtí kan kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí itan ti di. Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ sọ, àwọn jọ́kì ń ṣe é: omi gbígbóná, ilé ooru, kí wọ́n máa tutọ́ sínú ike. Isaac Murphy tí a dárúkọ lókè máa ń fi ebi pa ara rẹ̀ bí àkókò eré bá ti ń bọ̀. Òtútù àyà pa á ní 1896, ọmọ ọdún 35.

Bí o bá fẹ́ fúyẹ́, ìdajì kílò lọ́sẹ̀ kan ti tó. Dín ẹ̀bà alẹ́ kù sí ìdajì, má dín ẹ̀fọ́ àti ẹran kù. Ní ti èyí tó ti já yìí, dá a padà: lítà omi kan, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí orí rẹ̀ tẹ́jú, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Rọra mu ún títí di ọ̀sán, má dà á sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìtọ̀ rẹ bá ṣì pọ́n bí tíì lálẹ́, o ò tíì mu tó.

ÌBÉÈRÈ: Bí jọ́kì bá fúyẹ́ jù ńkọ́? Èló sì ni wọ́n ń san fún un? (Bódìjà)

ÌDÁHÙN: Wọ́n á fi òjé dí i. Òjé pẹlẹbẹ ni, wọ́n ń kì í sínú àpò aṣọ tó wà lábẹ́ gàárì. Wọ́n á wọ̀n ọ́n kó tó jáde, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá dé, tòun ti gàárì lọ́wọ́. Bó bá fúyẹ́ kọjá díẹ̀ tí òfin gbà, ipò tó gbà ti bọ́ nìyẹn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rí ìdẹ̀ra gbà: kílò 3.2 títí wọ́n á fi borí lẹ́ẹ̀ 20, kílò 2.3 títí dé 50, kílò 1.4 títí dé 95. Ìdí tí olówó ẹṣin fi ń pe ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Ní ti owó, ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá borí sábà máa ń gba ìdá 10 nínú 100 owó tó kan ẹṣin. Aṣojú tó ń bá a wá ẹṣin á gba ìdá mẹ́rin kan níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ipò karùn-ún, owó ọkọ̀ ló kù fún un.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí wọn kì í jókòó lórí gàárì bí àwọn ẹlẹ́ṣin tiwa? (Mọ́níyà)

ÌDÁHÙN: Torí pé ẹni tó jókòó, ẹṣin ló ń gbé e sókè sódò ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lórí irin ìtẹsẹ̀ kúkúrú, orúnkún àti kókósẹ̀ rẹ̀ ló ń gba ìmì náà. Ara rẹ̀ ń lọ gbọọrọ, ẹṣin nìkan ló ń lọ sókè sódò lábẹ́ rẹ̀. Láàárín 1890 sí 1900 tí àṣà yìí gbilẹ̀, eré yá sí i ní nǹkan bí ìdá 5 sí 7 nínú 100. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ẹranko ní London ló ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní 2009. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nílé: ẹ dúró lórí táyà àtijọ́ kan, orúnkún ní kíká, ẹ̀yìn ní títẹ́ bí tábìlì, ìdí kò gbọdọ̀ kan nǹkan kan. Ìṣẹ́jú 2, bí Derby ṣe gùn tó. Púpọ̀ nínú yín kò ní pé ìṣẹ́jú kan.

Ẹ tún bèèrè bóyá òótọ́ ni pé ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Tẹ̀yìn ń fi tiwájú dí afẹ́fẹ́ ni, kí agbára rẹ̀ má baà tètè tán. Ohun tó ń fi san án ni iyanrìn àti ẹrẹ̀ tó ń fò sí i lójú. Jọ́kì á wọ awò mẹ́ta tàbí mẹ́rin lé ara wọn, bí ọ̀kan bá dọ̀tí, á fà á wálẹ̀ sí ọrùn.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra ẹṣin kan láti Kánò fún ọdún Iléyá. Nígbà tó dé, ó ń fò. Oṣù méjì péré, ó ti rù, abẹ́ ikùn rẹ̀ wú, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹun. Wọ́n ní ọwọ́ ayé ni. (Alhaji, Ṣáṣá)

ÌDÁHÙN: Alhaji, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ká tó kan ayé. Ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí jọ àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀. Òun náà ló ń pa ẹṣin tí àwọn ará Ọ̀yọ́ àtijọ́ ń rà láti òkè ọya wá. Ẹ rántí ogun Òṣogbo, nǹkan bí 1840, níbi tí Ìbàdàn ti ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin: ilẹ̀ tó kún fún igbó kì í ṣe ilẹ̀ ẹlẹ́ṣin, jagunjagun Ìbàdàn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ra tẹmómítà. Ẹ máa fi sí ìdí rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 5, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ti ẹṣin tó dá ṣáṣá kì í sábà ju 38.5 lọ. Bó bá gòkè kọjá 39 lónìí, tó wálẹ̀ lọ́túnla, tó tún gòkè, ìfura yẹn ti lágbára. Ẹ ká ètè rẹ̀ sókè: ìdí eyín tó yẹ kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ á funfun. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá gbóná ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, torí ọjọ́ náà ni kòkòrò yẹn máa ń pọ̀ nínú rẹ̀; ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ní ọjọ́ tí ara tutù lè parọ́ pé kò sí nǹkan.

Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń gún màlúù lábẹ́rẹ́ gún un. Òògùn kan náà tí màlúù ń gbà láìsí wàhálà lè pa ẹṣin bí òṣùwọ̀n bá fi díẹ̀ lé. Ilé ìwòsàn ẹranko UI ni kí ẹ lọ. Láti Ṣáṣá kò jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ má gùn ún lọ, ẹ má sì fà á rìn lọ. Ẹ wá ọkọ̀ ẹran, tàbí kí dókítà wá bá yín nílé. Bí igbó ẹ̀gbẹ́ odò bá wà nítòsí ilé ẹṣin yẹn, ẹ gé e. Bí ẹ bá ta aṣọ búlúù tàbí dúdú bò ó, ẹ ká a kúrò, àwọ̀ tí tsetse ń wá gan-an nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má dì í ní gàárì títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi padà, kódà bí Iléyá bá bá a níbẹ̀.